Ojú ọmọ mi ló wà lára fúlẹ́ẹ̀sì onífọ́tò ní Sábó: ta ló ni fọ́tò ìgbéyàwó?

Ìyá_Ìyàwó_Ìgbógbo
Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣe ohun tí inú ń sọ fún mi.

Oṣù Kejìlá tó kọjá la ṣe ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin. Èmi ni mo pe onífọ́tò, èmi ni mo sanwó rẹ̀, ₦350,000, fọ́tò, fídíò àti álíbọ́ọ̀mù kan. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti ọjà Sábó bọ̀, mo gbójú sókè, mo rí ọmọ mi. Fúlẹ́ẹ̀sì ni, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, wọ́n so ó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Tó bá jẹ́ èyí tó ti wọ aṣọ òkè tán ni, bóyá inú ì bá má bí mi tó báyìí. Èyí tí wọ́n yà nínú yàrá ni, ìró lásán ló ró mọ́ àyà, wọ́n ń wé gèlè fún un lọ́wọ́, èjìká rẹ̀ méjèèjì wà níta. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà: "ỌJỌ́ ÌYÀWÓ: ₦150,000 PÉRÉ."

Àwọn àna mi ti rí i kí n tó rí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ pè mí, ó ní, "Ìyá ìyàwó, ṣé ẹ ti ń ta ìyàwó wa ni? A rí owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn."

Mo lọ bá onífọ́tò. Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa o, àmọ́ ohun tó sọ ni pé, "Mà, ẹ̀yin lẹ sanwó iṣẹ́, èmi ni mo ni fọ́tò. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀." Àbúrò mi ọkùnrin ní kí a lọ kó ọlọ́pàá wá. Kí n tó gbà fún un, ẹ sọ fún mi: ṣé òun ló ni ín lóòótọ́?

Ọmọ_Èbúté
Owó yín, ojú ọmọ yín. Kí ló wá kù tó jẹ́ tiẹ̀? Ẹ fa fúlẹ́ẹ̀sì yẹn ya jàre.

Fọ́tò_Ágíríìkì
Ẹ má fà á ya o. Owó ló fi tẹ̀ ẹ́, ẹ óò kàn wá ẹjọ́ kún ẹjọ́ ni.

Ẹ kú oríire, mà. Iṣẹ́ fọ́tò ni èmi náà ń ṣe, kì í ṣe èmi ni mo ya ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún wa díẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta kámẹ́rà báyìí, ilẹ̀ ni wọ́n fi ń rà tẹ́lẹ̀ ní apá Ìmọ̀tà. Tí a bá ya ìgbéyàwó ní Sátidé, gbogbo òru ọ̀sẹ̀ yẹn la ó fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Tí a ò bá wá fi iṣẹ́ hàn, báwo ni oníbàárà ṣe máa mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ̀yin gan-an, mà, ibo lẹ ti rí ọmọ yẹn? Ó dá mi lójú pé fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ lẹ rí lórí Instagram rẹ̀ tí ẹ fi pè é.

Ohun tó sọ nípa òfin, òótọ́ ni. Ẹni tó ya àwòrán ló ni ín. Àwa náà là ń jìyà jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń kun ojú ìyàwó, àwọn tó ń ta aṣọ òkè, àwọn ilé ayẹyẹ, gbogbo wọn ló ń kó fọ́tò wa. Wọ́n á gé ibi tí orúkọ wa wà kúrò, wọ́n á fi tiwọn sí i. Kò sí ìyá ìyàwó kankan tó bá wa pariwo lórí ìyẹn rí.

Ìyá_Ìyàwó_Ìgbógbo
Òótọ́ ni, Instagram ni mo ti rí i. Ìyàwó tí mo rí níbẹ̀ wọ aṣọ sọ́rùn.

Lọ́yà_Kékeré
Ẹ kú ìnáwó, mà. Ẹ̀yin kò purọ́, onífọ́tò náà kò purọ́, ààbọ̀ òfin ni kálukú dì mú.

Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ni Copyright Act 2022, òfin kópíráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023. Òun ló rọ́pò èyí tó ti wà láti ayé ológun, 1988. Abala 28 ní ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín, kódà kó jẹ́ ẹlòmíì ló sanwó, àyàfi tí wọ́n bá jọ kọ ọ́ sínú ìwé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni onífọ́tò yín kà dé tó fi pa ìwé dé. Abala kan náà kò tí ì parí ọ̀rọ̀. Ó ní tí ènìyàn bá gbé iṣẹ́ fọ́tò tàbí fídíò fún ẹnìkan fún ìlò ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lè lo fọ́tò yẹn níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti fi ṣòwò, ó sì ní agbára láti ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ síta, kí wọ́n má pàtẹ rẹ̀, kí wọ́n má fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Torí náà, tiẹ̀ ni fọ́tò, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá ní kó má gbé e dé, kò gbọdọ̀ gbé e débẹ̀.

Iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ojú ọmọ yín tún dá dúró. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan. Òfin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ènìyàn, sì dé ní oṣù Kẹfà 2023. Fọ́tò tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀, dátà onítọ̀hún ni. Òfin yẹn kò bá ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó lẹ owó mọ́ àwòrán kì í ṣe inú ilé. Ìyọ̀ǹda ló yẹ kó gbà, ẹni tó bá sì fún un lè gbà á padà.

Ìbéèrè kan: lórúkọ ta ni rìsíìtì wà?

Ìyá_Ìyàwó_Ìgbógbo
Orúkọ mi ni. Mo ṣì ní in lọ́wọ́.

Ọmọ_Èbúté
Wọ́n ti mú un.

Bàbá_Lándílọ́ọ̀dù
Ayé mà ti yí o. Nígbà tí àwa wà lọ́dọ̀ọ́, kí onífọ́tò fi fọ́tò ẹ sínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, oyè ni. Lẹ́yìn Iléyá tàbí Kérésì, àwọn ọmọge á máa gba Ayángbùrẹ́n kọjá kí wọ́n lè wò ó bóyá tiwọn wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ fún onífọ́tò lówó mínírà kó lè fi tiwọn sí àárín. Onígbèsè nìkan ni kì í fẹ́ kí tòun wà níbẹ̀, torí pé ẹni tí kò bá wá san owó tó kù, wọ́n á dorí fọ́tò rẹ̀ kodò. Gbogbo àdúgbò á sì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan, kí Ọlọ́run fọ̀rún kẹ́ ẹ, ó wà lódìkodì nínú gíláàsì yẹn títí tí òjò fi wọ inú rẹ̀ tó pa ojú rẹ̀ rẹ́. Kò sẹ́ni tó pe lọ́yà.

Tíṣà_Ìjẹ̀dẹ̀
Bàbá, ẹ kú ìrántí, mo rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá níwájú gíláàsì yẹn nìkan ló rí ẹ̀gbọ́n yín. Àwọn ilé owó orí fóònù ni wọ́n ń dorí onígbèsè kodò báyìí. Ẹ óò yá ₦20,000, kí ọjọ́ tó pé wọ́n ti kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín, wọ́n ti fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín, sí àna yín, sí ẹni tó ń ta gáàsì fún yín: "Olè nìyí, ẹ ṣọ́ra fún un." Títí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde lórí wọn ní 2022 pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n ti ba ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Wọ́n ṣì ń ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe ti ìyàwó o, ti àwọn ọmọdé ni. Ẹ wo ara ògiri àwọn iléèwé wa láti Ìgbógbo dé ibí. Ọmọ tó gbégbá orókè, wọ́n á tẹ ojú rẹ̀ sára fúlẹ́ẹ̀sì, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kíláàsì rẹ̀, nígbà mìíràn orúkọ bàbá rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n rò pé iyì ni wọ́n ń fún òbí. Ǹjẹ́ a ti gbàgbé Ìgbónlá ni? Oṣù Karùn-ún 2017, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n kó lọ nínú iléèwé ìjọba, ìparí oṣù Keje ni wọ́n tó padà wálé. Láti ọdún yẹn, tí mo bá rí ojú ọmọ pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì lójú kan náà, ara mi kì í gbà á.

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Wọ́n ní èmi nìkan ni mo rí ohun tí ẹlòmíì kò rí.

Lọ́yà_Kékeré
@Tíṣà, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Abala 31 nínú òfin dátà 2023: tí ó bá jẹ́ ọmọdé, ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ ni ẹni tó fẹ́ lo dátà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Ọmọdé níbẹ̀ ni ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Iléèwé tó bá tẹ ojú ọmọ láìbéèrè, àjọ dátà ní Àbújá lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Owó ìtanràn tó wà fún ilé iṣẹ́ kékeré lè tó mílíọ̀nù 2 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ mú ìyẹn lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Àbúrò_Ìyá_Ìyàwó
Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń sọ. Gbogbo abala tí ẹ ń kà yìí, ó dára. Mo mọ ẹnìkan ní tésàn. Tí ọmọ yẹn bá lo wákàtí kan péré nínú sẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa fi já fúlẹ́ẹ̀sì.

Lọ́yà_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ràn, aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti oníṣẹ́ ni. Abala 32 nínú Police Act 2020 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí nítorí àdéhùn tó bàjẹ́. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2015 ti sọ ọ́ ṣáájú. Tí wọ́n bá wá tì í mọ́lé, abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti pé kí ẹni tó mú un tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ lẹ máa wá di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Ẹ kọ lẹ́tà kan sí i. Tí kò bá gbọ́, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa bá yín parí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹjọ́ kópíráìtì gan-an, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ọ, Ìkòyí sì nìyẹn. Owó ọkọ̀ àti owó lọ́yà yín á ju owó ìgbéyàwó lọ.

Ọmọ_Èbúté
Lọ́yà tó ń sọ fún oníbàárà pé kó má pe ẹjọ́! Ìkòròdú nìkan lèèyàn ti lè rí i.

Arìnrìnàjò_Odògúnyàn
Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó wọ̀ ọ́ yìí ló mú mi sọ̀rọ̀. Mo wà nínú dánfó láti Ṣágámù, wọ́n dá wa dúró, wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀ kí n ṣí fóònù mi. Mo ṣí i. Ọ̀gá yẹn wọ WhatsApp tààrà. Ó ń ka ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi ń bá ara wa sọ, ó ń fi àtàǹpàkò fa ojú rẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún na fóònù sí ẹnìkejì rẹ̀ pé kí òun náà wò ó. Ìyàwó mi ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣù òun kò wá. Èmi gan-an kò tí ì dá a lóhùn. Ọlọ́pàá mọ̀ pé mo fẹ́ di bàbá kí ìyá mi tó mọ̀.

Kí ni òfin sọ sí ìyẹn?

Lọ́yà_Kékeré
Ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìfaradà.

Abala 37 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kan lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù ènìyàn ní tààrà. Abala 45 nínú òfin ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 ní adájọ́ ni ọlọ́pàá máa lọ bá kó tó lè kó ẹ̀rí inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra wọn ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn má yẹ fóònù wò lójú títì. Ẹ má wá bá ẹni tó gbé ìbọn kọ́rùn ka abala o. Ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀, ẹ rántí àsìkò àti ibi, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹ bá délé.

Bàbá_Lándílọ́ọ̀dù
Èmi fara mọ́ ọn kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọmọ yàhúù gbalé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà làwọn ń ṣe, wọ́n san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan ni EFCC dé, wọ́n já géètì mi, wọn ò sì tún un ṣe títí dòní. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń bò nínú fóònù?

Tíṣà_Ìjẹ̀dẹ̀
Bàbá, ẹ dákun, ṣé nínú dánfó ni EFCC ti rí wọn? Wọ́n ti ń ṣọ́ wọn tipẹ́ kí wọ́n tó wá sílé yín. Oyún ìyàwó @Arìnrìnàjò ni wọ́n rí nínú fóònù tiẹ̀.

Bàbá_Lándílọ́ọ̀dù
Ẹ ṣì máa bá mi san owó géètì.

Ọmọ_Èbúté
Ìyá ìyàwó, ẹ dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ká lè mọ ibi tí a ò ní lọ.

Fọ́tò_Ágíríìkì
Ẹ má dárúkọ rẹ̀, mà. Ẹ̀yìn ìyẹn, ó máa ní ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì ba orúkọ òun jẹ́, wọ́n á sì fi òfin cyberstalking, fífi íntánẹ́ẹ̀tì dààmú ènìyàn, mú yín.

Lọ́yà_Kékeré
Òfin yẹn kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Abala 24 nínú òfin ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 fẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ tó bá kàn bí ẹnìkan nínú lè gbé ènìyàn dé àtìmọ́lé, oníròyìn àti àwọn tó ń kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì jìyà rẹ̀ jù. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹta 2022 pé ó tako ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, pé kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣe. Yàtọ̀ sí ti àwòrán ìhòòhò, ó ti di pé kí ẹni náà mọ̀ pé irọ́ ni, kó sì fi dá rúgúdù sílẹ̀ tàbí kó fi ẹ̀mí ẹnìkan sínú ewu. Ilé-ẹjọ́ kan náà ló ní títì tí ìjọba ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà 2021 sí oṣù Kìíní 2022 kò bófin mu.

Síbẹ̀, mà, mi ò rí èrè tí ẹ fẹ́ jẹ nínú dídárúkọ rẹ̀. Ẹ ṣì máa nílò ọmọ yẹn.

Alákóòórin_Garage
Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kékeré. Èmi ń kó orin àti fíìmù sí mẹ́mórì fún àwọn ènìyàn, ₦500 fún ẹ̀kún. Ṣé òfin kópíráìtì yìí kàn mí?

Lọ́yà_Kékeré
Ó kàn yín pátápátá. Dídà tí ẹ ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ tà láìgba àṣẹ, ọ̀ràn ni, kì í ṣe aáwọ̀ lásán. Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá lè wá bá.

Alákóòórin_Garage
Mo ṣeun. Mi ò béèrè nǹkan kan.

Tíṣà_Ìjẹ̀dẹ̀
Kí wá ni ti Ikorodu Bois? Àwọn ọmọ yẹn ń fara wé fíìmù àwọn Amẹ́ríkà, wọ́n fi bárò ṣe mọ́tò, wọ́n fi nǹkan ìdáná ṣe ìbọn, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí bí oyìnbó ṣe ṣe é. Dípò kí wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́, Netflix fi kámẹ́rà àti irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020.

Lọ́yà_Kékeré
Inú rere Netflix nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin tiwa ti fi àyè sílẹ̀ fún irú ẹ̀: abala 20 nínú òfin kópíráìtì gbà kí ènìyàn lo iṣẹ́ ẹlòmíì níwọ̀ntúnwọ̀nsì láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀, àwàdà, tàbí àfarawé. Alákóòórin wa kò fara wé ẹnikẹ́ni.

Ìyá_Ìyàwó_Ìgbógbo
Ẹ kú àdúrótì. Mo kọ lẹ́tà bí lọ́yà ṣe wí, mo fi fọ́tò rìsíìtì sínú rẹ̀, ọkọ mi ló gbé e lọ, kò gbé ẹnikẹ́ni dání. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti já fúlẹ́ẹ̀sì. Ọmọ yẹn ní kí n bá òun dín owó tí òun fi tẹ̀ ẹ́ kù. Mo ní kó fi bo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ó kù o. Ẹni tó kun ojú ọmọ mi lọ́jọ́ náà ti gbé fọ́tò èjìká yẹn sórí Instagram tiẹ̀. Àwọn tó ń ta ọṣẹ ara ní Lẹ́kí sì ti gbé e níbẹ̀, wọ́n ní ọṣẹ àwọn ló mú awọ rẹ̀ dán. Ọmọ mi kò fi ohun tó ń jẹ́ ọṣẹ wọn kan ara rí! Ta ni mo máa kọ̀wé sí?

Lọ́yà_Kékeré
Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Ìdí tí mo fi ní ẹ ṣì máa nílò rẹ̀ nìyí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni ti kópíráìtì: òfin 2022 fún ẹni tó ni iṣẹ́ lágbára láti fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tó ni òpó náà, bíi Instagram, pé wọ́n ti lo iṣẹ́ òun láìgbàṣẹ, kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀nà yìí ló máa ń yá jù. Ṣùgbọ́n ta ló ni iṣẹ́? Onífọ́tò. Òun ló máa fọwọ́ sí ìwé yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọ̀nà kejì ni ti ojú: ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé dátà òun ni, òun kò yọ̀ǹda. Ẹ má rò pé wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dátà o. FCCPC ní kí Meta tó ni Instagram san mílíọ̀nù 220 dọ́là ní oṣù Keje 2024, àwọn adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì gbè é lẹ́sẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025.

Fọ́tò_Ágíríìkì
Mo ti ń dúró de ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ká fa fúlẹ́ẹ̀sì ya, ẹ lọ tọrọ ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ tì mọ́lé.

Mo mọ ọmọ yẹn, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun máa fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Inú tiẹ̀ náà kò dùn, wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrò lára fọ́tò.

Ìyàwó_Gan_an
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ojú ewé yìí ránṣẹ́ sí mi. Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ ti sọ ẹni tó ni fọ́tò, ẹ ti sọ ẹni tó sanwó, ẹ ti dé Ẹ̀pẹ́, ẹ ti dé Amẹ́ríkà, ẹ ti gbọ́ nípa oyún ìyàwó oníyàwó. Kò sí ẹnìkan tó bi mí.

Onífọ́tò bi mí lórí WhatsApp lẹ́yìn ìgbéyàwó bóyá òun lè fi díẹ̀ sórí Instagram òun. Mo ní kò burú. Mo yan mẹ́fà fún un, aṣọ òkè ni mo wọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Mọ́mì kò mọ̀. Èyí tó lọ tẹ̀ sójú títì yẹn kò sí nínú mẹ́fà. Ẹni tó kun ojú mi kò bi mí ní ohunkóhun. Ọkọ mi kò bínú, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń bínú. Èmi ni mo ń bínú, torí pé ní Mọ́ńdè, oníbàárà kan dé ibi iṣẹ́ mi, ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀yin ni ₦150,000, àbí?"

Àwọn mẹ́fà tí mo yan, kó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rẹwà. Àwọn ọlọ́ṣẹ, mo ti kọ̀wé sí wọn fúnra mi.

Ìyá_Ìyàwó_Ìgbógbo
O ò sọ fún mi pé o yan mẹ́fà fún un.

Ìyàwó_Gan_an
Ẹ ò bi mí, mà.

Lọ́yà_Kékeré
Má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́ o, àbúrò. Fọ́tò mẹ́fà, Instagram rẹ̀ nìkan: ibi tí ìyọ̀ǹda rẹ dé nìyẹn. @Fọ́tò_Ágíríìkì, ẹ̀yin oníṣẹ́ gan-an ni ìwé á gbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rìsíìtì: ẹni tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ àti ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú fọ́tò fọwọ́ sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ èyí tí ẹ lè lò, ibi tí ẹ lè lò ó sí, àti ìgbà tó máa dópin.

Fọ́tò_Ágíríìkì
Mo gbà. Mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ sọ òótọ́: iye tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀, mo ti yọ owó ìpolówó kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n lo fọ́tò òun rárá, yóò fi ₦30,000 kún un.

Ìyá_Alásè_Ìjẹ̀dẹ̀
₦30,000 kí o má gbé ojú ọmọ mi sí títì? Ọmọ mi ń ṣègbéyàwó ní oṣù Kọkànlá, mo sì fẹ́ pè ọ́. ₦10,000 ni mo máa san. Kí o ya ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ nìkan kí o fi polówó.

Fọ́tò_Ágíríìkì
₦20,000, mà, kí ẹ sì jẹ́ kí n lo ti alága ìjókòó. Alága ló máa ń wọṣọ jù.

Ìyá_Alásè_Ìjẹ̀dẹ̀
Lọ bi alága.